Láti Akẹ́rù Ológun M35A2 sí Típà: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́

Ọkọ̀ tí iṣẹ́ yìí dá lé ni M35A2, akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó máa tà á fún aráàlú. "Deuce and a half" ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, nítorí pé tọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ní kó máa gbé nínú igbó. Ìyẹn jẹ́ 5,000 pọ́n-ùn, nǹkan bí 2,270 kìló. Lórí títì ọlọ́dà, wọ́n gbà á láyè láti gbé ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yìí sọ́kàn, torí àwọn ló máa sọ bí bọ́dì típà ṣe máa tóbi tó. Ojú nìkan kò tó láti fi wọn èyí.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ ìgé-irin, kó mọ̀ pé àwọn ológun fúnra wọn ṣe típà nínú ẹbí ọkọ̀ yìí. M342A2 ni orúkọ rẹ̀, bọ́dì rẹ̀ sì ń gba kúbíkì yáàdì 2.5. Bí ẹ bá rí i rà ní iye tó bójú mu, ẹ rà á, kí ẹ fi iṣẹ́ wẹ́lídà sílẹ̀. Ohun tí ń mú kí àwọn èèyàn yí M35A2 padà ni pé òun ló pọ̀ jù lọ́jà, òun ló sì rọ̀ jù lówó.

Ìwé àti rírà

Ọ̀dọ̀ DLA Disposition Services, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tó ń ta ohun tí wọn kò lò mọ́, ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń jáde, wọ́n sì ń ta wọ́n ní gbàǹjo lórí ìkànnì GovPlanet. Ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè ni SF-97, ìwé ìjọba tó fi hàn pé wọ́n ti ta ọkọ̀ náà fún yín. Láìsí i, wàhálà ni fíforúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ fún títì. Ìpínlẹ̀ kan sì yàtọ̀ sí èkejì nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ológun, nítorí náà ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó sanwó. Ọkọ̀ lásán wọn nǹkan bí 13,000 pọ́n-ùn. Bí a bá fi 10,000 ẹrù kún un, 23,000 ni, kò dé 26,001 tí òfin Amẹ́ríkà fi pààlà láàárín láísẹ́ǹsì lásán àti láísẹ́ǹsì awakọ̀ ọkọ̀ ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní CDL. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi gbẹ́rù fún owó láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn máa nílò nọ́ńbà USDOT, ìyẹn nọ́ńbà iléeṣẹ́ ìrìnnà Amẹ́ríkà, torí pé ọkọ̀ náà ti kọjá 10,001 pọ́n-ùn.

Lára ẹ́ńjìnnì, LDT-465 ni ẹ máa bá níbẹ̀ jù: sílíńdà mẹ́fà, ínṣì kúbíkì 478 (lítà 7.8), tó ń jó oríṣiríṣi epo. Torí èéfín ni wọ́n ṣe fi tọ́bò sí i ju torí agbára lọ, nítorí náà ẹ má retí kó sáré. Fún típà, dísù lásán ni kí ẹ máa rọ sí i. Ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe òkè tó ń gùn. Ìsọ̀kalẹ̀ tó ń sọ̀ pẹ̀lú ẹrù ni. 2,600 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ni ààlà rẹ̀. Gọ́fánọ̀ lè dín epo kù lóòótọ́, àmọ́ kò lè dá táyà dúró nígbà tí yanrìn tọ́ọ̀nù mẹ́ta bá ń ti ọkọ̀ lọ. Táyà á yí gíà, gíà á yí ẹ́ńjìnnì kọjá ààlà, ọ̀pá písítìnì á sì já. Gíà tí ẹ bá fi gun òkè ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́.

Bíréèkì kọ́kọ́, lẹ́yìn náà bọ́dì

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bíréèkì M35A2 jẹ́ ti afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì pa pọ̀: ẹsẹ̀ ń ti ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà ọ́ìlì kan ṣoṣo ló sì ń bọ́ gbogbo táyà. Bí sílíńdà kékeré kan bá jò lẹ́yìn táyà kan, pẹ́dàlì máa wọlẹ̀ pátápátá, kò sì sí bíréèkì lára táyà èyíkéyìí mọ́. Fún ọkọ̀ tó ń gbé aṣọ ìbora sóko, èyí ṣeé fara dà. Fún típà tó ń sọ òkè lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, kò ṣeé fara dà.

Nítorí náà, kí bọ́dì tó dé:

- Sílíńdà bíréèkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a tú, a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ má yan èyí tó dà bí ẹni pé ó dára.
- Gbogbo rọ́bà ọ́ìlì bíréèkì di tuntun. Rọ́bà tó ti pé ọgbọ̀n ọdún máa ń wú nínú, ọ́ìlì á lọ àmọ́ kò ní padà, táyà á sì máa gbóná.
- Ọ́ìlì silikóònù, ìyẹn DOT 5, ni àwọn ológun ń lò. Kò gbọ́dọ̀ pàdé DOT 3 nínú páìpù kan náà. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà nínú rẹ̀, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò.
- Máásítà sílíńdà oníyàrá méjì ni a fi rọ́pò ti ilé iṣẹ́, iwájú ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹ̀yìn ní tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí gba páìpù àti làákàyè, àmọ́ òun ló yí ọkọ̀ yìí padà ju jáàkì lọ.
- Bí ọ́ìlì ákísù bá wà lára láínìn bíréèkì, ẹ má kàn nù ún. Ó ń gba ibi síìlì họ́ọ̀bù kọjá, tàbí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí ẹnu ákísù. Síìlì tuntun, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù silikóònù dí ojú ihò náà.

Bíréèkì ọwọ́ kò mú táyà rárá, ìdí gíà kejì (transfer case, àpótí gíà tó ń pín agbára sí ákísù iwájú àti ti ẹ̀yìn) ló ti ń mú ṣááfù. Èyí ni pé bí táyà ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan bá yọ̀ lórí ẹrẹ̀, ọkọ̀ lè rìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti fa bíréèkì. Igi méjì tí a fi ń dí táyà gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Báwo ni bọ́dì ṣe tóbi tó?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bọ́dì ológun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 12, ó sì ń dán ojú wò: ẹ kàn fi jáàkì sábẹ́ rẹ̀, ó ti di típà. Rárá. Bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì sí i, kúbíkì yáàdì méje ni. Gíráńìtì tàbí yanrìn gbígbẹ tó kún kúbíkì yáàdì kan wọn nǹkan bí 2,800 pọ́n-ùn, èyí tó rin lómi sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrù náà á sún mọ́ 20,000 pọ́n-ùn, lórí ọkọ̀ tí wọ́n ní kó gbé 10,000. Ẹni tó mọ típà 911 ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè sọ pé ṣebí ọkọ̀ ń gbé e bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé e, àmọ́ ẹ wo síprínnì rẹ̀, ẹ tún béèrè lọ́wọ́ wẹ́lídà iye ìgbà tó ti jó ṣáàsì rẹ̀.

Ìwọ̀n tí a mú ni ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn, 7 ní ìbú, ẹ̀gbẹ́ ínṣì 12 péré. Àyè rẹ̀ jẹ́ kúbíkì yáàdì 2.6 (nǹkan bí mítà kúbíkì 2). Gíráńìtì tó kún un dọ́gba-dọ́gba wọn 7,280 pọ́n-ùn, ìyẹn 3,300 kìló. Ó ku díẹ̀ kó dé ààlà orí títì, ó sì yẹ kó ku díẹ̀ náà, torí pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé irin bọ́dì àti jáàkì pẹ̀lú. Nínú oko, níbi tí ààlà jẹ́ 5,000, kúbíkì yáàdì 1.8 ni òpin. A kun ìlà pupa sínú bọ́dì ní ibi tí ìyẹn dé, kí ẹni tó ń fi katapílà bu yanrìn lè rí i láti òkè.

Irin tí a lò rèé, pẹ̀lú ìwọ̀n wọn:

- Ilẹ̀ bọ́dì: páànù ínṣì 3/16, 535 pọ́n-ùn.
- Ẹ̀gbẹ́, iwájú tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: páànù géèjì 10, nǹkan bí 230 pọ́n-ùn.
- Irin ìdábùú mọ́kànlá lábẹ́ ilẹ̀, irin ikanga ínṣì 3, ínṣì 12 síra wọn: nǹkan bí 316 pọ́n-ùn.
- Irin gígùn méjì lábẹ́ ìdábùú, ikanga ínṣì 6 tó wọn 8.2 pọ́n-ùn fún ẹsẹ̀ bàtà kan: 164 pọ́n-ùn.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,245 pọ́n-ùn, ìyẹn 565 kìló. Àwọn kan máa ń lo páànù ínṣì 1/4 fún ilẹ̀ torí òkúta ńlá. Ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n 180 pọ́n-ùn ni wọ́n fi kún irin tí wọ́n sì yọ lára ẹrù, ní gbogbo ìrìn àjò, títí ọkọ̀ fi máa kú. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ yanrìn àti ilẹ̀pa, 3/16 tó.

Ṣáàsì kékeré: ibi tí ọgbọ́n wà

Ṣáàsì M35A2 máa ń lọ́ra. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí táyà iwájú kan bá gun òkúta, irin méjèèjì máa lọ́, táyà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á sì wà nílẹ̀. Ẹ wo bí àwọn ológun ṣe de bọ́dì wọn: ẹ̀yìn ni wọ́n dè pinpin, iwájú ni wọ́n fi bóòtù tó ní síprínnì dè, kí bọ́dì lè gbéra díẹ̀ nígbà tí ṣáàsì bá ń lọ́. Pákó sì wà láàárín irin méjèèjì. Ẹni tó bá jó ṣáàsì kékeré típà mọ́ ṣáàsì ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn ti pa ìlọ́ra yẹn. Agbára tó yẹ kó máa lọ́ irin gígùn á wá kó ara rẹ̀ jọ sí ojú kan, ojú kan náà ni ṣáàsì á sì ti sán. Ìgbà tí ẹ bá rí ìsán ṣáàsì lẹ́yìn kábíìnì lórí ọkọ̀ tí wọ́n yí padà, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe de bọ́dì rẹ̀. Ẹ ò ní wò jìnnà.

Bí a ṣe ṣe é:

A fi kíréènì gbé bọ́dì àtijọ́ kúrò lẹ́yìn tí a tú bóòtù rẹ̀, a sì tọ́jú síprínnì àwọn bóòtù iwájú. Wọ́n máa padà wúlò. A fọ orí ṣáàsì mọ́, a wo gbogbo ríféètì níkọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ní ìpẹtà pupa yíká orí rẹ̀ ti ń mì.

Irin ikanga ínṣì 6 méjì, ẹsẹ̀ bàtà 12 gígùn, ni ṣáàsì kékeré. Wọ́n jókòó sórí irin ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí iwájú wọn ni a gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ bíi ti ẹnu ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má gé e ní pẹrẹsẹ. Ibi tí irin líle bá ti parí lójijì lórí irin tó ń lọ́ra, ibẹ̀ ni ìsán ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láàárín irin méjèèjì, pákó óòkù tó nípọn ní ínṣì 1½ ni a tẹ́. Ríféètì yọ orí sókè lórí ṣáàsì, a sì gbẹ́ ihò fún orí kọ̀ọ̀kan nínú pákó kó lè jókòó dáadáa. Bí pákó bá ń jókòó lórí ríféètì nìkan, á fọ́ láàárín oṣù díẹ̀, bóòtù á sì dẹ̀.

Ẹ̀yìn ni a dè pinpin: pẹlẹbẹ irin mílímítà 10 méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a jó wọn mọ́ ṣáàsì kékeré, a sì fi bóòtù ínṣì 5/8 líle (Grade 8) mẹ́rin-mẹ́rin dè wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáàsì ọkọ̀. Àárín ìdúró irin ni a lu ihò sí. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ní ihò tàbí ojú ìjó kankan, torí ibẹ̀ ni agbára ìfà àti ìtẹ̀ pọ̀ jù sí. A fún bóòtù dé nǹkan bí 210 ft-lb, láìfi ọ́ìlì sí i. Iwájú ni bóòtù méjì gígùn pẹ̀lú síprínnì tí a yọ lára bọ́dì àtijọ́. A fún wọn títí síprínnì fi tẹ̀ dé ìdajì, kí àyè ìgbéra ínṣì 3/4 lè kù.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ gbé táyà iwájú kan lé pákó tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ wo iwájú ṣáàsì kékeré. Ó gbọ́dọ̀ gbéra kúrò lórí pákó ní ẹ̀gbẹ́ kan, kó sì padà jókòó nígbà tí táyà bá wálẹ̀. Bí kò bá gbéra, ẹ ti fún un jù.

Ibi tí híńjì wà

Ínṣì 154 ló wà láti ákísù iwájú dé àárín ákísù ẹ̀yìn méjèèjì. A gbé bọ́dì kalẹ̀ kí àárín ẹrù lè wà ní ínṣì 12 síwájú àárín yẹn. Bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù á bọ́ sí ákísù iwájú, ìyókù á bọ́ sẹ́yìn, sítíárìn kò sì ní fúyẹ́. Híńjì wà ní ínṣì 10 sí ìdí bọ́dì, èyí mú kó bọ́ sí ínṣì 38 lẹ́yìn àárín ákísù méjèèjì. Bí ẹ bá tì í sẹ́yìn ju ìyẹn lọ kí yanrìn lè jìnnà sí táyà, ẹrù tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí bọ́dì nígbà tí ó gbéra á máa gbé iwájú ọkọ̀ sókè, sítíárìn àti bíréèkì iwájú á sì di òfo.

Pínì híńjì jẹ́ ọ̀pá irin ínṣì 2, pẹ̀lú búṣì àti ojú gírísì. Ohun tó ń ba híńjì jẹ́ jù ni pé méjèèjì kò wà lórí ìlà kan. Kí a tó jó wọn, ọ̀pá gígùn kan ṣoṣo ni a tì gba inú méjèèjì kọjá láti ọ̀tún dé òsì, a fi ọwọ́ yí i, ó yí. Lẹ́yìn ìgbà tí a tán ìjó, tí irin tutù, a tún yí i. Kò yí dáadáa, torí pé ooru ìjó ti fa ẹ̀gbẹ́ kan. A gé ojú ìjó kan, a tún un jó díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe gé ọ̀pá sí méjì títí ẹ ó fi rí i pé ó ń yí.

Kí a tó tan ẹ̀rọ ìjórin, a yọ orí bátìrì méjèèjì, a sì de wáyà ilẹ̀ mọ́ ibi tí a ń jó gan-an. Iná tó bá gba inú bẹ́ríǹ ákísù kọjá máa ń fi àpá sí i, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni bẹ́ríǹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Jáàkì, pọ́ǹpù àti PTO

Jáàkì alápá bíi sísọ́ọ̀sì la yàn, tó ní sílíńdà kan tí ihò rẹ̀ jẹ́ ínṣì 6, tó sì ń yọ ní ínṣì 20. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lára típà aráàlú tí wọ́n ti fọ́. Apá rẹ̀ ń sọ yíyọ kékeré di gbígbé ńlá, ó sì ń dúró lábẹ́ bọ́dì láìgba àyè lẹ́yìn kábíìnì. Jáàkì gígùn tó ń dúró níwájú bọ́dì rọrùn lórí pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n ó máa fẹ́ kí bọ́dì sún sẹ́yìn, àyè ọkọ̀ yìí kò sì tó.

Ìṣirò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe kó tó ra nǹkan kan. Ẹrù 3,300 kìló àti bọ́dì 565 kìló jẹ́ 3,865 kìló. Àárín rẹ̀ jìnnà sí híńjì ní mítà 1.27, nígbà tí bọ́dì bá sì gbéra dé ìwọ̀n 48 (dígírì), àárín náà á ti gòkè ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 95. Iṣẹ́ tí jáàkì ṣe jẹ́ nǹkan bí 36,000 júùlù. Ọ́ìlì tó wọ inú sílíńdà yẹn jẹ́ lítà 9.3. Bí ẹ bá pín wọn, pírẹ́ṣọ̀ ìpíndọ́gba jẹ́ bar 39. Àmọ́ ìpíndọ́gba ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéra, nígbà tí apá jáàkì ṣì sùn sílẹ̀, ló le jù, ẹ gbà pé ó máa tó ìlọ́po mẹ́ta, nǹkan bí bar 117 (1,700 psi). Nítorí náà fáàfù tó ń dá ọ́ìlì padà ni a ṣètò sí 2,000 psi, a sì fi géèjì síbẹ̀. Fáàfù yìí tún jẹ́ òṣùwọ̀n: bí ẹrù bá pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ yẹ kó gbé lọ, bọ́dì kò ní gbéra, ẹ ó sì mọ̀. Ẹni tó bá gbé e sókè sí 3,000 kí bọ́dì "lè lágbára" ti fọ́ ojú òṣùwọ̀n náà.

Pọ́ǹpù: sísì (sẹ̀ǹtímítà kúbíkì) 25 fún ìyípo kan. Ní 1,000 ìyípo, pẹ̀lú jíjò inú tí kò ṣeé yẹ̀, nǹkan bí lítà 22 ní ìṣẹ́jú kan ló ń gbé jáde, bọ́dì á gbéra tán ní ìṣẹ́jú àáyá 25. Pọ́ǹpù tó tóbi ju èyí lọ yára jù, bọ́dì á máa já gìdì lórí òkè ìgbéra. Táǹkì ọ́ìlì jẹ́ lítà 35. Rọ́bà ìfà ínṣì 1¼ tó ní wáyà nínú kó má bàa fún pọ̀, rọ́bà pírẹ́ṣọ̀ ínṣì ¾. Ínṣì ½ tó fún gbígbé, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ọ́ìlì ń gbà padà, bọ́dì òfo á sì máa rá bọ̀ bí ìgbín. AW 32 ni ọ́ìlì fún ibi tó tutù, AW 46 fún ibi gbígbóná.

PTO, ẹ̀rọ tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì láti inú gíábọ́ọ̀sì fún pọ́ǹpù, ń wọ ojú ihò tó wà lára gíábọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ tó ní wíǹṣì níwájú ti ní PTO tẹ́lẹ̀, àmọ́ wíǹṣì nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ka bóòtù ojú ihò náà kí ẹ tó rà, mẹ́fà àti mẹ́jọ kò bára mu. Iṣẹ́ tó gba sùúrù jù ni àyè láàárín eyín gíà méjèèjì: ínṣì 0.006 sí 0.012, pẹ̀lú géèjì oníyíká. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni a fi ń ṣètò rẹ̀, bí ẹ bá fi kún un, àyè á pọ̀ sí i. Bí PTO bá ń ké fíín-fíín, àyè kéré jù. Bí ó bá ń kanlẹ̀ gbàgbàgbà, ó pọ̀ jù. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù rọ́pò gásíkẹ́ẹ̀tì, torí gọ́ọ̀mù kò ní ìwọ̀n.

PTO kì í wọlé àfi tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Kò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lórí títì. Pọ́ǹpù á máa yí ọ́ìlì kan náà ká, ọ́ìlì á hó, síìlì á sì jóná. Iná pupa fólítì 24 ni a fi sí dáṣíbọ́ọ̀dù fún un, òmíràn fún bọ́dì tó gbéra, pẹ̀lú súìṣì tó wà lábẹ́ bọ́dì. Bọ́dì tó gbéra tí awakọ̀ kò mọ̀ ń pàdé wáyà iná àti afárá.

Àwọn tí kò fẹ́ fọwọ́ kan gíábọ́ọ̀sì ń lo pọ́ǹpù oníná. Kò burú fún ìrìn márùn-ún sí mẹ́fà lóòjọ́. Bí ó bá ń fa lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, á fa nǹkan bí áńpù 110 níbi tó le jù, ìgbéra kan á sì gba ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Bátìrì á fara dà á, àtẹnétọ̀ áńpù 60 á sì dá a padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tó ń kú ni mọ́tò pọ́ǹpù, nítorí ooru. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ra èyí tó jẹ́ fólítì 12, kí wọ́n sì fà á láti ara bátìrì kan ṣoṣo nínú méjì. Bátìrì yẹn kò ní kún mọ́ láéláé, èkejì á máa kún jù títí yóò fi hó gbẹ. Fólítì 24 ni kí ẹ rà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ fi fáàfù ààbò síwájú ẹ̀ka náà, irú èyí tó ń tì ara rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá wálẹ̀ sí nǹkan bí 70 psi. Rọ́bà ilẹ̀kùn tó já kò gbọ́dọ̀ kó afẹ́fẹ́ bíréèkì lọ.

Ìdánwò àti àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀

Òpó ìgbéró méjì ni a jó mọ́ ṣáàsì kékeré kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ bọ́dì. Fáàfù àti rọ́bà kì í ṣe ohun tí a ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Lófo, bọ́dì gbéra dáadáa ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n bọ̀ wálẹ̀, ọ́ìlì táǹkì sì funfun bíi wàrà. Afẹ́fẹ́ ni, ó ń wọlé níbi ẹnu rọ́bà ìfà. Kò jò síta, torí pé ìfà ló wà níbẹ̀, kò sí pírẹ́ṣọ̀. A pa ọ́ìlì yíká ẹnu rọ́bà nígbà tí pọ́ǹpù ń yí, ariwo rẹ̀ sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Kílíìpù méjì dípò ọ̀kan ló tán an.

Pẹ̀lú ìdá mẹ́ta ẹrù, lẹ́yìn náà ìdá méjì nínú mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹrù kíkún, géèjì kò kọjá 1,750 psi. A fi bọ́dì tó gbéra dé ìdajì sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ó sì rọ̀ sílẹ̀ ní ínṣì méjì. Láti mọ̀ bóyá fáàfù ni tàbí síìlì jáàkì: ẹ fi òpó gbé bọ́dì ró, ẹ dá ọ̀nà dúró láàárín fáàfù àti jáàkì pẹ̀lú kọ́ọ̀kì, ẹ yọ òpó, ẹ tún dúró. Ó dúró gbọin, nítorí náà fáàfù ni. Ìdọ̀tí ìjó irin ló wà lórí ìjókòó rẹ̀. Páìpù tuntun gbọ́dọ̀ di fífọ̀ pẹ̀lú dísù kí a tó dè é, ìyẹn ni a fò.

Amọ̀ rírin kò yọ́ tán ní ìwọ̀n 48. Wọ́n máa ń ní kí awakọ̀ já kílọ́ọ̀ṣì lójijì kó lè mì í bọ́. Pínì híńjì àti apá jáàkì ló ń jẹ ìyà yẹn. Páànù rọ́bà líle tó ń yọ̀ lórí ilẹ̀ bọ́dì, tàbí ṣọ́bìrì, ló yẹ.

Fífi gíà sí rifáàsì náà ní òfin tirẹ̀ lórí ọkọ̀ yìí. Lórí ọ̀pọ̀ M35A2, gíà kejì ló ń dá iwájú mọ́ra fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn bá ń yọ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá kí ẹ tó fi í sí rifáàsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó ń dá a mọ́ra inú gíà náà á bàjẹ́. Típà ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ọjọ́, nítorí náà èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní máìlì 50, a tún bóòtù gbogbo fún. Mẹ́rin nínú bóòtù ẹ̀yìn ti dẹ̀ díẹ̀, torí pé pákó óòkù ti jókòó. Ní máìlì 300, kò sí èyí tó dẹ̀ mọ́. Gírísì híńjì àti apá jáàkì ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ́ìlì PTO sì wà pẹ̀lú ti gíábọ́ọ̀sì, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lò ó, nítorí pé PTO á ti mu díẹ̀ nínú rẹ̀.